Ilé ìtọ́jú tó dá àgbọ̀n mi padà ní Ìjẹ̀bú-Òde

Àtẹ̀gùn 17 ni ẹ máa gùn kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo kà á, nítorí gbogbo ìgbà tí mo bá lọ ni mo ń bá àwọn tí orúnkún ń dùn ní ìdajì àtẹ̀gùn, tí wọ́n di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú oríkèé kò yẹ kó wà lórí òkè. Mo ti sọ fún wọn lójúkojú, mo tún ń sọ ọ́ níbí. Ẹ̀sùn mi tó tóbi jù nìyẹn, mo sì fẹ́ kó tètè jáde kúrò nínú mi kí n lè ráyè sọ oore tí wọ́n ṣe fún mi.

Ilé alájà kan ni, kò jìnnà sí Fọlágbadé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Oògùn ni wọ́n ń tà nísàlẹ̀. Lókè, yàrá méjì ni: dókítà eyín wà nínú ọ̀kan, obìnrin kan tó jẹ́ físíò, ìyẹn ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, wà nínú èkejì. Obìnrin yìí bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ àwọn, pé iṣẹ́ àwọn kì í ṣe èyí tí à ń polówó. Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n mi ò lè dákẹ́ pátápátá, nítorí wákàtí 11 ni ẹnu mi fi là sílẹ̀ gbayawu ní oṣù Ẹrẹ́nà tó kọjá, àwọn méjèèjì yìí ló bá mi pa á dé.

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ni kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ẹnu fi ká mi lára tó báyìí.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ. Mo jókòó sí pálọ̀, oorun ń kùn mí. Mo yán. Nígbà tí mo fẹ́ pa ẹnu dé, mo gbọ́ “kẹ́” níwájú etí ọ̀tún, mo tún gbọ́ “kẹ́” níwájú etí òsì, ẹnu kò sì pa dé mọ́. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ mi ti yọ síwájú, ó dúró gbọn-in síbẹ̀. Bí mo ṣe ń gbìyànjú láti pa á dé tó, bẹ́ẹ̀ ni iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń fún mọ́ra sí i. Itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà sára mi, mi ò sì lè gbé e mì.

Ọkọ mi ní kí ló dé. Mo fẹ́ sọ pé, “Gbé mi lọ sílé ìwòsàn.” Ohun tó jáde kò jọ ọ̀rọ̀. Kò sí gb, kò sí m, kò sí w, nítorí ètè mi méjèèjì kò lè pàdé, wọn ò sì lè sún mọ́ra. Ó tún bi mí. Mo tún gbìyànjú. Ẹ̀rù ti ń bà á, ó ti ń wo apá mi pé bóyá ó ti rọ.

Nínú ìpayà yẹn ni ẹ̀kọ́ tí mo fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ padà wá bá mi. Mo bi ara mi pé: kọ́ńsónáǹtì wo ni kò nílò ètè? K ni. Àfàfàsépè ni. Ẹ̀yìn ahọ́n ló ń gbéra lọ kan àfàsé lókè lọ́hùn-ún, nítòsí ọ̀fun. Ètè kò bá wọn dá sí i. Mo wo ọkọ mi lójú, mo ní: “Ọkọ̀! Ọkọ̀!”

Ó jáde ketekete. Fáwẹ̀lì rẹ̀ kò rí roboto tó bó ṣe yẹ, nítorí ètè ló ń ká a roboto, ṣùgbọ́n k dún kedere, ohùn sì bọ́ sí ipò rẹ̀, àárín, lẹ́yìn náà ìsàlẹ̀. Bí ohùn ìkejì bá gòkè ni, ọkọ́ ni ìbá gbọ́, ọkọ́ tí a fi ń roko. Bó bá dúró sí àárín, òun fúnra rẹ̀ ni mò ń pè. Ó gbọ́ ọkọ̀. Ó sáré lọ mú kọ́kọ́rọ́.

Ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló tún yà mí lẹ́nu jù. Mo nawọ́ sí ẹsẹ̀ mi, mo ní “à-à i”. Ó ní, “Bàtà màmá!” Ó gbé e wá. Kò gbọ́ b, kò gbọ́ t, kò gbọ́ m. Ohùn nìkan ló gbọ́, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, àárín. Ohùn kì í ti àgbọ̀n wá. Inú gògóńgò ló ti ń wá, níbi tí tán-án-ná, ìyẹn okùn ohùn, ti ń gbọ̀n. Àgbọ̀n lè yẹ̀, ètè lè ya, ohùn yóò ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí gángan náà fi ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, òun tí kò ní ètè, tí kò ní ahọ́n. Ẹnu ni mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ fáwọn ọmọ kíláàsì tẹ́lẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo fi ara mi rí i.

Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ dé, mi ò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n ní rọpárọsẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n na apá, mo na apá. Wọ́n ní kí n gbé ẹsẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n fa omi sí mi lára, wọ́n ní ká dúró de dókítà àgbà. A dúró títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò sí ẹnì kan tó fi ọwọ́ kan iwájú etí mi. Aládùúgbò wa tó bá wa débẹ̀ ti ń sọ fún ọkọ mi ní kọ̀rọ̀ pé àwọn ayé ló ṣe é, pé ká máa gbé mi lọ síbòmíràn. Aládùúgbò náà ń wá ire ni. Ṣùgbọ́n òru náà gùn, ẹnu sì ń gbẹ mí títí tí ahọ́n mi fi dà bí awọ.

Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé la gun àtẹ̀gùn 17 náà. Nọ́ọ̀sì kan tó ń bọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ òru ló júwe ibẹ̀ fún wa. Dókítà eyín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ìlẹ̀kùn ni. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, kò tíì gbé báàgì sílẹ̀, ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, mọ̀mí. Àgbọ̀n yín ló yẹ̀. Kò ní pẹ́.”

Ó fi ìka kan iwájú etí mi, ó ní kí ọkọ mi náà fọwọ́ kàn án: ihò kékeré kan wà níbi tó yẹ kí orí eegun wà. Ó gbé mi jókòó sórí àga kúkurú, ó ní kí n fi orí ti ògiri. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó wé báńdéèjì funfun mọ́ àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì nípọn, nítorí bí àgbọ̀n bá padà, eyín lè gé e. Ó ki àtàǹpàkò méjèèjì sẹ́nu mi, ó gbé wọn lé eyín ìjẹun tó kẹ́yìn nísàlẹ̀, ó fi ìka yòókù gbá àgbọ̀n mi mú láti ìta. Ó ní kí n máa mí, kí n ro ohun tó dùn mọ́ mi. Ó tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láìkánjú, ó tẹ̀ ẹ́ títí tí mo fi rò pé eegun náà yóò ṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó tì í sẹ́yìn. Kẹ́ lápá ọ̀tún. Kẹ́ lápá òsì. Ẹnu mi pa dé.

Mo sunkún. Ọkọ mi náà sunkún. Dókítà ní kí n má tíì sọ̀rọ̀, ó mú báńdéèjì tó ń fà, ó wé e láti abẹ́ àgbọ̀n gba àtàrí kọjá.

Ó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú agbárí kan tí wọ́n fi ike ṣe. Orí eegun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ wà nínú kòtò kan lábẹ́ agbárí, níwájú etí gan-an, ìkọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Òkè kékeré kan wà níwájú kòtò yẹn. Bí a bá la ẹnu díẹ̀, orí eegun á yí níbi tó wà. Bí a bá là á jù bẹ́ẹ̀ lọ, á yọ́ síwájú, á máa gun òkè náà. Tèmi gun òkè, ó sọdá, ó bọ́ sí ìwájú, iṣan tó ń pa ẹnu dé sì há a mọ́bẹ̀. Ẹ fi ìka méjì síwájú etí yín báyìí, kí ẹ la ẹnu, kí ẹ pa á dé. Òun lẹ ń gbọ́ tó ń yí tó sì ń yọ́ yẹn. Oríkèé tí a ń lò láti jẹun yìí náà la tún ń lò láti sọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi gbọdọ̀ la ẹnu ju ìwọ̀n ìka kan lọ. Ìkọ́kọrẹ́ ló gbà mí. Ọmọ mi obìnrin ń ra ewùrà ní ọjà Òkè-Ajé, ó ń rin ín, ó ń sè é lọ́bẹ̀lọ́bẹ̀ títí yóò fi rọ̀ dẹ̀dẹ̀ tí mi ò ní nílò eyín. Ó máa ń yọ ẹja rẹ̀, á gún un, á tún dà á padà sínú rẹ̀. Ẹ̀kọ náà dára, àti ògì. Gàrí Ìjẹ̀bú tí mo fẹ́ràn láti máa rẹ mu lọ́sàn-án, mo fi í sílẹ̀ fún odindi oṣù kan, nítorí bó bá kan tí ó sì dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ tó yẹn, ó fẹ́ jíjẹ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fà mí lé físíò lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí eegun bá ti wọlé, ó parí nìyẹn.

Yàrá rẹ̀ kéré. Ibùsùn kan, kẹ̀kẹ́ kan tí kì í rìn, dígí gígùn kan, àti àwòrán eegun èèyàn lára ògiri, gbogbo 206 rẹ̀. Lókè àwòrán náà wọ́n kọ “articulations” gàdàgbà. Mo dúró wò ó pẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo bá pàdé nínú ẹ̀kọ́ fònẹ́tíìkì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ìró ọ̀rọ̀, nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì: “place of articulation”, tí àwa ń pè ní ibi ìsẹnupè, àti “manner of articulation”, tí í ṣe ọ̀nà ìsẹnupè. N kò rò ó rí pé ó lè bá eegun lọ. Mo bi í. Ó ní oríkèé ló túmọ̀ sí lọ́dọ̀ àwọn, pé ibi tí eegun méjì bá ti pàdé ni. Nígbà tí mo délé, mo yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé atúmọ̀ èdè mi. Látinú èdè Látìn ló ti wá, articulus, oríkèé kékeré. Àwọn ará Róòmù fi ń pe oríkèé ara, wọ́n sì tún fi ń pe ègé kan nínú ọ̀rọ̀.

Ó dùn mọ́ mi nínú, nítorí nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní sílébù, ìrèké ni mo máa ń mú wọ kíláàsì. Màá ní kí wọ́n ka oríkèé rẹ̀, kí wọ́n wo ibi tí ọ̀bẹ yóò ti gbà á. Lẹ́yìn náà màá ní kí wọ́n gé Ì-jẹ̀-bú, kí wọ́n gé Ṣá-gá-mù. Oríkèé ni mo ti ń fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, tí mi ò mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣíwájú mi ní èdè tí mi ò gbọ́.

Físíò fi ohun mìíràn hàn mí lára àwòrán náà: eegun kékeré kan ní ọrùn, lábẹ́ àgbọ̀n, lókè gògóńgò, tó tẹ̀ bí irin tí wọ́n ń kàn mọ́ pátákò ẹṣin. Ó ní gbogbo eegun yòókù ló bá ẹnì kejì rẹ̀ ṣe oríkèé, àyàfi ìyẹn. Iṣan àti okùn ara ló gbé e dúró láàárín ọrùn, kò bá eegun kankan pàdé. Orí rẹ̀ sì ni ìdí ahọ́n ti fìdí múlẹ̀. Eegun tí kò ní oríkèé ló ń ran ahọ́n lọ́wọ́ láti sọ̀rọ̀! Mo fọwọ́ tọ ọ́ ní ọrùn mi, mo gbé itọ́ mì, mo gbọ́ tó gòkè tó sì sọ̀kalẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó fún mi ni pé kí n fi ṣóńṣó ahọ́n kan òkè ẹnu, lẹ́yìn eyín iwájú, kí n fi í síbẹ̀, kí n wá máa la ẹnu kí n sì máa pa á dé níwájú dígí. Bí ahọ́n bá wà níbẹ̀, ẹnu kò ní lè là kọjá ààlà, àgbọ̀n kò sì ní yà sí ẹ̀gbẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ló pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ibi tí ẹ ní kí n fi ahọ́n sí yìí, èrìgì là ń pè é. Ibẹ̀ la ti ń pe t àti d, n àti l. Àfèrìgìpè.” Ó gbé bírò.

Láti ọjọ́ náà, àwa méjèèjì la jọ ń ṣiṣẹ́. Òun mọ eegun àti iṣan. Èmi mọ ibi tí ìró kọ̀ọ̀kan ti ń wá. Mo sọ fún un pé a, àyanupè ni, pé òun ló ń la àgbọ̀n jù nínú fáwẹ̀lì wa méje tí kì í ṣe àránmúpè. Pé i àti u, àhánupè ni wọ́n, ẹnu kì í là púpọ̀ bí a bá ń pè wọ́n. Nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ látorí i. Ọ̀sẹ̀ kìíní, “kíki” àti “gígí”, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà t, d, l, n. Lẹ́yìn náà f, tí ètè ìsàlẹ̀ ń lọ bá eyín òkè. B àti m tẹ̀ lé e. P àti gb la fi sẹ́yìn, nítorí àwọn ló le jù: ètè méjèèjì á pàdé pinpin, ẹ̀yìn ahọ́n á sì kan àfàsé lẹ́ẹ̀kan náà, kí méjèèjì tó jọ tú sílẹ̀. Ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ kò bá tíì lágbára á máa pe “gbogbo” bí “wowo”. Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì dùn mí.

Ọjọ́ tí “pẹ́pẹ́yẹ” jáde lẹ́nu mi láìfọ́, ọjọ́bọ̀ ni. Físíò ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Arákùnrin bíríkìlà kan tó wà lórí kẹ̀kẹ́ nítorí orúnkún rẹ̀ dúró, ó pàtẹ́wọ́ fún mi. Lẹ́yìn náà ni obìnrin tó ń ta gàrí, tí aromọléegun ń bá jà ní ọwọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í pe “pẹ́pẹ́yẹ” pẹ̀lú mi. Ọ̀sán yẹn, inú yàrá kékeré yẹn kún fún p.

Owó tí mo san: ₦20,000 fún dídá àgbọ̀n padà, ₦4,000 fún ìjókòó kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ físíò, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦68,000, láìka owó ọkọ̀. Fún ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì, kì í ṣe owó kékeré. Wọ́n gbà kí n máa san án díẹ̀díẹ̀, wọn kò sì fi ojú burúkú wò mí rí.

Àwọn ohun tó kù díẹ̀ káàtó: jẹnẹrétọ̀ wọn wà lábẹ́ fèrèsé físíò, bí wọ́n bá sì ti tan án, ẹ ò ní gbọ́ ohùn ara yín, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ pípè ni à ń ṣe níbẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi kọ ìwé iṣẹ́ ìdárayá tí wọ́n ń fúnni lọ sílé. Obìnrin onígàrí yẹn kò lè kà á, ọmọ rẹ̀ ló ń kà á fún un. Mo ti bá wọn túmọ̀ ojú ìwé méjì, màá túmọ̀ ìyókù. Wọn ò ní ẹni tó kọ́ nípa ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ gan-an. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀, físíò á tún apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ nílò ẹni tó fi odindi ọdún kọ́ iṣẹ́ náà. Obìnrin náà fẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún ìdílé kan níṣojú mi, kò gba owó wọn, ó júwe ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n máa lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ sí i nítorí ìyẹn.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́bọ̀, kí oòrùn tó mú àti kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ mú aṣọ ìnujú dání. Bí orúnkún bá ń dùn yín, ẹ pe nọ́ọ̀sì wọn láti ìsàlẹ̀, á sọ̀kalẹ̀ wá dì yín mú.

Ní ìjókòó tó kẹ́yìn, ó ní kí n to ìka mẹ́ta lóòró, kí n fi wọ́n sí àárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀. Wọ́n wọlé, láìsí ìrora. Ó ní ìwọ̀n ẹnu tó péye nìyẹn, kí n má ṣe la á jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí yíyán bá sì ti ń bọ̀, kí n fi ìkúùkù gbé àgbọ̀n mi láti abẹ́. Mò ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ọmọ-ọmọ mi náà ti ń ṣe é. Bí oorun bá ti ń kùn ún lálẹ́, á di ọwọ́ kékeré rẹ̀, á gbé e sábẹ́ àgbọ̀n, á wá yán.